Ẹ̀jẹ̀ jáde, ó yáná, ó tún padà sínú ara: Ohun tójú Bọ̀ọ̀dá Lọ́ńdọ̀nù rí lọ́wọ́ àìsàn tí wọ́n pè ní làpálàpá

Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún mi lọ́dún mẹ́wàá sẹ́yìn pé wọ́n lè fa ẹ̀jẹ̀ jáde lára èèyàn, kí wọ́n gbé e sábẹ́ iná, kí wọ́n sì tún dá a padà sí i lára, kí ara onítọ̀hún sì máa yá, mi ò ní í bá a jiyàn o, mo kàn máa bi í pé babaláwo wo ló ṣe é ni. Àmọ́ ojú mi báyìí ni mo fi rí i, lórí fóònù. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ló jókòó sórí àga ńlá kan nílé ìwòsàn ní Lọ́ńdọ̀nù, ó na apá ẹ̀ síta, rọ́bà tín-ín-rín wà lára ẹ̀, ó sì ń rẹ́rìn-ín sí mi lórí WhatsApp. Ó yí fóònù ẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí n lè rí ẹ̀rọ tó wà níbẹ̀. Ó ní, "Ìwọ akọ̀ròyìn, wo ẹ̀jẹ̀ mi níta níbẹ̀ yẹn. Ó lọ yáná ni, kò ní í pẹ́ wálé."

Mo rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n omi lé ròrò sójú mi. Ẹni tó bá mọ ibi tí ọ̀rọ̀ bọ̀ọ̀dá yìí ti bẹ̀rẹ̀ kò ní í bá mi wí.

WỌ́N NÍ LÀPÁLÀPÁ NI

Gbogbo ìdílé wa ló ń pè é ní Bọ̀ọ̀dá Lọ́ńdọ̀nù. Bọ́ọ̀sì ló ń wà níbẹ̀, àdúgbò Peckham tí àwọn Yorùbá pọ̀ sí bí ẹni pé Òṣòdì ni wọ́n wà ló sì ń gbé. Lọ́dún 2014, ó ṣàkíyèsí pé ibì kan ń yún òun ní itan. Ó wò ó, ó rí àmì róbótó kan tó mọ́lẹ̀ díẹ̀ ju ara yòókù lọ, tó sì ń bó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bí ìgbà tí ọyẹ́ bá mú. Kò kà á sí. Nígbà tó yá, ẹyọ kan di méjì, méjì di mẹ́fà, ó gba ìdí lọ sí ìbàdí, ó dé ikùn. Gbogbo ibi tí aṣọ máa ń bò, tí oòrùn kì í sábà dé, ibẹ̀ gan-an ló ń rìn.

Ìgbà tó wálé fún ọdún Kérésì lọ́dún 2016 ni kálukú di dókítà. Ẹnì kan ní làpálàpá ni, kó fi ìpara kan báyìí pa á, ìpara tí wọ́n ń tà lọ́jà tí ẹnikẹ́ni kì í ka ohun tí wọ́n kọ sára páálí ẹ̀. Bọ̀ọ̀dá fi í pa á, ó rọlẹ̀. Ó fi í sílẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ méjì, ó tún padà dé pẹ̀lú ìbínú. Wọ́n mú un lọ sílé ìwòsàn aládàáni kan, wọ́n fún un lóògùn làpálàpá oníhóró, ó lò ó tán, kò sí àyípadà. Ilé ìwòsàn kejì ló wá dá wàhálà sílẹ̀. Ẹni tó wò ó níbẹ̀ kò fọwọ́ kan án, ó kàn wò ó láti òkèèrè, ó ní àfàìmọ̀ ni kò ní í jẹ́ ẹ̀tẹ̀.

Ẹ̀yin náà mọ ohun tí ọ̀rọ̀ yẹn túmọ̀ sí nínú agbo ilé Yorùbá. Ká tó padà délé, ọ̀rọ̀ ti ṣáájú wa dé. Àǹtí mi kan, àbúrò bọ̀ọ̀dá yìí gan-an, tọ́mú kan náà ni wọ́n jọ mu, ló lọ ra abọ́ àti ife tuntun, ó ní tìrẹ ni kó máa lò. Nígbà ìkómọjáde ọmọ-ọmọ ẹ̀ ní ọjọ́ kẹta ọdún tuntun, abẹ́ igi mángòrò ni wọ́n gbé àga ẹ̀ lọ. Wọn ò gbé ọmọ fún un. Àwọn kan ní ilẹ̀ tó rà ní Ṣàgámù ló dá a sílẹ̀, pé àwọn tí wọ́n jọ du ilẹ̀ ni wọ́n fi nǹkan ránṣẹ́ sí i. Wọ́n gba owó ètùtù lọ́wọ́ ẹ̀, wọ́n gba owó àdúrà lọ́wọ́ ẹ̀. Ọkùnrin náà padà sí Lọ́ńdọ̀nù pẹ̀lú itan tó ń yún un àti ọkàn tó gbọgbẹ́.

Ó tó ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà kí àìsàn tó fi ojú ẹ̀ hàn. Gbogbo ara ẹ̀ látorí dé àtẹ́lẹsẹ̀ ló wú, tó pọ́n lábẹ́ dúdú ẹ̀ bí ẹran tí wọ́n fi iná rà, tó sì ń bó bí awọ ejò. Àtẹ́lẹwọ́ ẹ̀ ki, ó ń la. Kókó yọ sí i ní abíyá àti abẹ́ ìtan. Yíyún náà kò jẹ́ kó sùn lóru, bẹ́ẹ̀ ni kò lè di ọwọ́ ìdarí bọ́ọ̀sì mú dáadáa mọ́. Dókítà àdúgbò fi í ránṣẹ́ sí dókítà awọ ara, àwọn yẹn gé díẹ̀ lára awọ ẹ̀ wò lábẹ́ awò asọ-kékeré-di-ńlá, wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ wò. Kì í ṣe làpálàpá, kì í ṣe ẹ̀tẹ̀, kì í ṣe àwọn ará Ṣàgámù. Jẹjẹrẹ ni. Irú tó máa ń fi awọ ara ṣe ilé, tó sì ti wọ inú ẹ̀jẹ̀ lọ.

ỌLỌ́DẸ TÓ DI OLÈ

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ẹ̀ bí mo ṣe mọ̀ ọ́n. Nínú ẹ̀jẹ̀ olúkúlùkù wa, sẹ́ẹ̀lì pupa wà, sẹ́ẹ̀lì funfun sì wà. Pupa ló ń gbé atẹ́gùn kiri ara. Funfun ni ọlọ́dẹ, òun ló ń lé kòkòrò àìsàn. Oríṣiríṣi ni àwọn ọlọ́dẹ yìí; èyí tí wọ́n ń pè ní sẹ́ẹ̀lì T wà lára wọn, àwọn kan nínú wọn sì wà tó jẹ́ pé awọ ara ni wọ́n yàn fún wọn láti máa ṣọ́. Nígbà tí orí ọ̀kan nínú wọn bá dàrú, á bẹ̀rẹ̀ sí í bí irú ara ẹ̀ láìdúró. Ọlọ́dẹ tó yẹ kó ṣọ́lé ló wá di olè tó ń jalé yẹn.

Ìdí nìyí tí ẹ ò fi gbọ́dọ̀ fi í wé jẹjẹrẹ awọ tí oòrùn ń fà fáwọn àfín. Èyí kì í ṣe awọ ló ti bẹ̀rẹ̀, inú ẹbí ẹ̀jẹ̀ ló ti wá. Dókítà ará Faransé kan, Jean-Louis Alibert, ló kọ́kọ́ ṣàpèjúwe ẹ̀ lọ́dún 1806. Ó rí kókó tó yọ lára ẹnì kan bí olú, ló bá sọ ọ́ lórúkọ olú, mycosis fungoides, orúkọ tó ń ṣi èèyàn lọ́nà títí dòní, nítorí kò sí olú kankan níbẹ̀. Lọ́dún 1938, Albert Sézary tóun náà jẹ́ dókítà ará Faransé ṣàpèjúwe èyí tó máa ń pọ́n gbogbo ara, tí sẹ́ẹ̀lì burúkú sì máa ń wà nínú ẹ̀jẹ̀. Orúkọ ẹ̀ ni wọ́n ń pè é, àìsàn Sézary. Òun ló mú bọ̀ọ̀dá mi.

Àìsàn yìí kò wọ́pọ̀, mi ò sì kọ ọ́ kí ẹ̀rù lè máa ba ẹnikẹ́ni tí ara bá ń yún. Àmọ́ ní Amẹ́ríkà tí wọ́n ti ń ka irú nǹkan bẹ́ẹ̀ sílẹ̀, wọ́n rí i pé ó ń mú àwọn aláwọ̀ dúdú ju àwọn aláwọ̀ funfun lọ, ó sì máa ń tètè mú wọn. Ohun tó tún burú níbẹ̀ ni pé ìwé àwọn dókítà látijọ́ kún fún àwòrán awọ funfun tó pọ́n. Lára àwa, ó lè wá bí àmì tó mọ́lẹ̀, tí èèyàn á rò pé làpálàpá ni, tàbí ẹ̀tẹ̀, tàbí pé ara ẹ̀ kàn ń bó. Ìpara tó ní sitẹ́rọ́ìdì nínú sì lè jẹ́ kó fara pamọ́ fúngbà díẹ̀, bó ṣe ṣe fún bọ̀ọ̀dá, tí ìyẹn á tún ti àkókò tí wọ́n máa rí i síwájú.

ÌMỌ́LẸ̀ KÌ Í ṢE ÀJÈJÌ SÍ ÌWÒSÀN

Ẹ má jẹ́ kó yà yín lẹ́nu pé iná lè wo àìsàn. Ìyá ọlọ́mọ wo ló wà nílùú ńlá tí kò mọ ọmọ tuntun tí ibà pọ́njú mú, tí wọ́n tẹ́ sábẹ́ iná aláwọ̀ búlúù, tí wọ́n fi nǹkan bo ojú ẹ̀? Ìlú Òyìnbó ni wọ́n ti ṣàwárí ìyẹn láàárín ọdún 1950 sí 1959, nígbà tí nọ́ọ̀sì kan tó máa ń gbé àwọn ọmọ lọ sínú oòrùn rí i pé ibi tí oòrùn bá kàn lára wọn máa ń mọ́. Àwa náà fi tiwa kún un: lọ́dún 2015, ìwádìí tí wọ́n ṣe nílé ìgbẹ̀bí ìjọba tó wà ní Lagos Island jáde, ó fi hàn pé oòrùn tí wọ́n sẹ́ nípasẹ̀ àtíbàbà ọlọ́rá àkànṣe ṣiṣẹ́ fáwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ bíi ti iná ilé ìwòsàn. Ṣáájú gbogbo ẹ̀, dókítà ará Denmark tó ń jẹ́ Niels Finsen ti gba ẹ̀bùn Nobel lọ́dún 1903 torí pé ó fi ìmọ́lẹ̀ wo ikọ́ ife tó ń jẹ awọ ojú.

Ṣùgbọ́n ti bọ̀ọ̀dá mi yàtọ̀. Iná nìkan kọ́ ló ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, ewé wà ńbẹ̀. Ewéko kan wà tó ń hù létí odò Nile ní Íjíbítì, Ammi majus lórúkọ ẹ̀ nínú ìwé. Ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún mẹ́jọ sẹ́yìn ni oníṣègùn Lárúbáwá kan tó ń jẹ́ Ibn al-Baytar ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé wọ́n ń lo èso ẹ̀ fún ẹni tí ara ẹ̀ ń funfun, pé tó bá lò ó tán, kó lọ jókòó sínú oòrùn. Lọ́dún 1948, El Mofty tó jẹ́ dókítà awọ ara ní Cairo fi ojúlówó oògùn tí wọ́n yọ nínú ẹ̀ wo irú àwọn èèyàn bẹ́ẹ̀. Lọ́dún 1974, àwọn dókítà ní Boston nílẹ̀ Amẹ́ríkà da oògùn yẹn pọ̀ mọ́ ìmọ́lẹ̀ tójú kò rí tí wọ́n ń pè ní UVA, wọ́n fi wo awọ ara tó ń ki tó sì ń bó. Oògùn náà ni methoxsalen.

Ẹni tó bá ti fún ọsàn wẹ́wẹ́ sọ́wọ́ rí, tó wá dúró sínú oòrùn, tọ́wọ́ ẹ̀ dúdú tàbí tó lé ròrò, ti pàdé ìbátan oògùn yìí láìmọ̀. Ohun kan náà ló wà nínú omi ọsàn yẹn. Ọ̀nà tó ń gbà ṣiṣẹ́ dà bí ètù ìbọn. Ètù lè wà nínú àpò ọdẹ fún ọdún kan, kò ní í dún. Ọjọ́ tó bá fojú kan iná ló ń dún. Oògùn yìí á yọ́ wọ àárín sẹ́ẹ̀lì, á jókòó jẹ́ẹ́ sídìí ibi tí àkọsílẹ̀ ìran ẹ̀ wà. Bí ìmọ́lẹ̀ UVA bá ti kàn án, á so àkọsílẹ̀ náà pa pọ̀ gbọnyin, sẹ́ẹ̀lì yẹn kò sì ní í lè bímọ mọ́. Kò ní í pẹ́ tó fi máa kú.

BÍ ẸRỌ NÁÀ ṢE Ń ṢE É

Ọkùnrin tó gbé ọ̀rọ̀ náà kúrò lára awọ, tó gbé e wọ inú ẹ̀jẹ̀, ni Richard Edelson, dókítà awọ ara nílẹ̀ Amẹ́ríkà. Ohun tó rò ni pé bí olè bá ti wà nínú ẹ̀jẹ̀, kí ló dé tí a ó máa tan iná sí awọ nìkan? Ẹ jẹ́ ká mú àwọn olè náà jáde síta, ká tan iná sí wọn lójú. Lọ́dún 1987, òun àtàwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ gbé àbájáde iṣẹ́ wọn jáde. Èèyàn 37 tí àìsàn yìí ti wọ̀ lára gan-an ni wọ́n wò, 27 nínú wọn ni ara wọn gbà á. Lọ́dún 1988, ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ẹ̀rọ náà. Photopheresis ni wọ́n ń pe ìtọ́jú yìí.

Bí bọ̀ọ̀dá ṣe sọ fún mi nìyí. Àárọ̀ ni wọ́n máa ń dé. Wọ́n á ki abẹ́rẹ́ bọ iṣan ọwọ́ ẹ̀, ẹni tí iṣan ẹ̀ kò bá dáa, wọ́n lè gba ọrùn tàbí àyà ẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ á máa gba rọ́bà lọ sínú ẹ̀rọ, ẹ̀rọ náà á máa yí i bìrìbìrì bí ẹ̀rọ ìfọṣọ ṣe ń fún omi lára aṣọ. Sẹ́ẹ̀lì pupa wúwo, á lọ sọ́tọ̀. Omi ẹ̀jẹ̀ á lọ sọ́tọ̀. Àwọn sẹ́ẹ̀lì funfun á dúró láàárín, fẹ́lẹ́ bí ìpara orí wàrà. Pupa àti omi á padà sí i lára. Funfun ni wọ́n máa dá dúró. Wọ́n á ro oògùn methoxsalen sí i, wọ́n á gbé e gba àárín iná UVA kọjá, wọ́n á sì dá a padà. Gbogbo ẹ̀ kì í sábà ju wákàtí méjì sí mẹ́ta lọ. Bọ̀ọ̀dá á ti sùn, á ti jẹ mẹ́túpáì, á ti wo bọ́ọ̀lù Arsenal tán. Ọjọ́ méjì léra wọn lóṣù kan ló máa ń lọ.

Ẹni tó ti rí i bí wọ́n ṣe ń fọ ẹ̀jẹ̀ ẹni tí kíndìnrín ẹ̀ bàjẹ́ lè rò pé ìkan náà ni. Kì í ṣe ìkan náà o. Ìyẹn ń yọ ìdọ̀tí kúrò ni. Èyí kò yọ nǹkan kan dànù, gbogbo ohun tó jáde ló ń padà, títí kan àwọn olè tí iná ti bà jẹ́.

Ibẹ̀ gan-an ni àrà tó wà nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ìwọ̀nba sẹ́ẹ̀lì funfun ló ń fojú kan iná lẹ́ẹ̀kan, kò sábà ju mẹ́wàá lọ nínú ọgọ́rùn-ún. Bó bá jẹ́ pé pípa nìkan ni, àádọ́rùn-ún tó ṣẹ́ kù á máa bá iṣẹ́ ibi wọn lọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn tó ń kú bá padà délé, àwọn sẹ́ẹ̀lì kan wà tí iṣẹ́ wọn ni láti máa ṣa òkú jọ, kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, kí wọ́n sì fi han àwọn ọlọ́dẹ tó kù pé, "Ẹ wò ó, bí ojú olè ṣe rí nìyí." Báyìí ni ara ṣe ń kọ́ láti mọ ọ̀tá ẹ̀ fúnra ẹ̀. Àwọn onímọ̀ ṣì ń ṣe ìwádìí lórí ọ̀nà tó ń gbà ṣẹlẹ̀, ṣùgbọ́n ìdí nìyí tí wọ́n fi gbà pé ìwọ̀nba díẹ̀ tó yáná náà tó láti ta gbogbo ilé jí.

ÀLEJÒ TÓ FẸ́ LÉ ONÍLÉ

Àwọn tó ní jẹjẹrẹ nìkan kọ́ ló ń jókòó sórí àga yẹn. Bọ̀ọ̀dá ní ọmọdébìnrin kan máa ń jókòó nítòsí òun, tó jẹ́ pé mùdùnmúdùn inú eegun ẹlòmíràn ni wọ́n fi sí i lára. Ọ̀rọ̀ yìí kan àwa gan-an ní Nàìjíríà, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ ọ.

Inú mùdùnmúdùn eegun ni ara ti ń ṣe ẹ̀jẹ̀. Bí ti èèyàn bá bàjẹ́, yálà jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ ni tàbí ti àwọn ọmọ SS tí àìsàn fòníkú-fọ̀ladìde ń bá fínra, wọ́n lè gba tẹlòmíràn tó bá a mu, kí wọ́n fi í sí i. Orílẹ̀-èdè wa ni wọ́n kà sí ibi tí wọ́n ti ń bí ọmọ SS jù lọ láyé, Àjọ Ìlera Àgbáyé sì ti ṣírò ẹ̀ nígbà kan pé ó tó 150,000 lọ́dún. Lọ́dún 2011, ilé ìwòsàn olùkọ́ni ti Yunifásítì Benin ṣe irú ìtọ́jú yìí fún ọmọ SS kan, ọ̀pọ̀ òbí sì ti gbé ọmọ lọ sí Íńdíà àti ilẹ̀ Òyìnbó nítorí ẹ̀.

Àmọ́ ewu kan wà ńbẹ̀. Mùdùnmúdùn tuntun ń bí ọlọ́dẹ tuntun, ọlọ́dẹ tuntun yìí sì jẹ́ àlejò. Kò mọ ojú onílé. Ó lè wo awọ, ìfun àti ẹ̀dọ̀ ẹni tó gbà á sílé, kó sọ pé, "Ta ni èyí?" kó sì bẹ̀rẹ̀ sí í bá wọn jà. Awọ á máa bó tàbí kó le bí pákó, ìgbẹ́ gbuuru á dé, ojú á pọ́n, ẹnu á gbẹ. Àlejò tí wọ́n ránṣẹ́ pè kó wá gbani á wá máa lé onílé jáde. Àìsàn yìí ti pa ẹni tí jẹjẹrẹ kò rí pa.

Oògùn sitẹ́rọ́ìdì ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń lò fún un, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ni kì í gbọ́ràn sí i. Sitẹ́rọ́ìdì náà sì ní tiẹ̀: gbogbo ọlọ́dẹ ló máa ń dé lókùn, rere àti búburú, kòkòrò àìsàn yòówù á wá máa wọlé wọ̀de. Ohun tó jẹ́ káwọn dókítà fẹ́ràn ìtọ́jú oníná yìí ni pé kì í so gbogbo ọlọ́dẹ mọ́lẹ̀. Ó máa ń jẹ́ kí àwọn alálàáfíà tó wà láàárín wọn pọ̀ sí i, kí ìjà náà sì rọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ní ọdún 1998, ìwádìí kan tún fi hàn pé ó ń ran àwọn tí wọ́n pààrọ̀ ọkàn wọn lọ́wọ́, kí ara wọn má baà kọ ọkàn àjèjì. Oògùn oníhóró tuntun ti wà báyìí fún ìjà àlejò àti onílé yìí, ruxolitinib lórúkọ ẹ̀, Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i fún un lọ́dún 2019, ṣùgbọ́n ìyẹn kò tíì lé ẹ̀rọ oníná kúrò nílé ìwòsàn.

KÒ SÍ OÒGÙN TÍ KÒ NÍ ÈÈWỌ̀

Ẹni tó bá kúrò lórí àga yẹn, oòrùn di èèwọ̀ fún un fún odidi ọjọ́ kan, nítorí oògùn ṣì wà lára ẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ wọ awò dúdú tó ń dènà UVA, àní bó bá wà nínú ilé tí oòrùn ń gba fèrèsé wọlé. Bọ̀ọ̀dá ní àwọn ọmọ Peckham máa ń rò pé òun ń ṣe fújà ni. Òyì lè kọ́ èèyàn, ara lè gbóná díẹ̀, iṣan ọwọ́ lè máa dun èèyàn. Àwọn tí ìmọ́lẹ̀ máa ń dá àìsàn sí lára látilẹ̀, wọn kì í ṣe é fún wọn.

Kì í sì í ṣe idán. Oṣù mẹ́ta kọjá, bọ̀ọ̀dá kò rí nǹkan kan. Ó fẹ́ jáwọ́. Nọ́ọ̀sì ní kó ṣe sùúrù, pé ó máa ń tó oṣù mẹ́fà kí èèyàn tó mọ̀ bóyá ara máa gbà á. Ní oṣù keje ló pè mí ní aago mẹ́ta òru, ọkàn mi fò. Ó ní, "Má bẹ̀rù. Mo kàn fẹ́ sọ fún ẹ pé oorun ló gbé mi lọ látàárọ̀ alẹ́ àná, n ò yún ara mi lẹ́ẹ̀kan." Ọkùnrin tó lé lọ́gọ́ta ọdún ló ń sunkún bẹ́ẹ̀ nítorí oorun. Ẹ̀yin tí ẹ ń sùn lálẹ́, ẹ dúpẹ́.

Ara àwọn kan kì í gbà á rárá. Ara tiẹ̀ gbà á, ṣùgbọ́n àìsàn náà kò lọ pátápátá, ó kàn gbọ́ràn ni. Wọ́n ṣì ń fún un láwọn oògùn mìíràn pẹ̀lú ẹ̀. Ìjọba ibẹ̀ ló ń sanwó ẹ̀, nítorí iye ẹ̀ kì í ṣe ohun tí awakọ̀ bọ́ọ̀sì lè dá san. Ilé ìwòsàn Guy's àti St Thomas' ní Lọ́ńdọ̀nù ń ṣe é, ìlú Rotherham náà ń ṣe é.

Wàhálà ẹ̀ ló wá kù. Ilé tó kọ́ sórí ilẹ̀ Ṣàgámù yẹn ti parí, fúnra mi ni mo lọ kun ọ̀dà ẹ̀. Ó ti ń múra láti wálé pátápátá kí àìsàn tó dé. Ní báyìí, ilé ẹ̀ wà ní Ṣàgámù, ẹ̀rọ tó ń tún ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ ṣe wà ní Lọ́ńdọ̀nù, kò sì lè fi ìkankan sílẹ̀. Ìyàwó ẹ̀ ní kó ta ilé náà. Ó ní òun ò tà á.

KÍ LÓ YẸ KÍ ÀWA ṢE?

Ẹ má ṣe lọ tẹ́ ara yín sínú oòrùn nítorí ohun tí ẹ kà yìí. Oòrùn Nàìjíríà kì í ṣe UVA ilé ìwòsàn, ẹnikẹ́ni tó bá sì ní kí ẹ wá san owó kí òun fi ọsàn wẹ́wẹ́ àti oòrùn wo jẹjẹrẹ, ẹ sá fún un.

Ohun tó wà níkàáwọ́ wa kò tó ẹ̀rọ ńlá. Bí àmì kan bá wà lára yín tó ti lé lóṣù mẹ́fà, tó ń yún, tó ń bó, tó wà níbi tí aṣọ ń bò, tí ẹ ti lo oògùn làpálàpá tán tí kò lọ, tàbí tó ń lọ tó ń bọ̀, ẹ má ra ìpara kẹrin. Ẹ lọ rí dókítà awọ ara. Ẹ sọ fún un pé ẹ fẹ́ kí wọ́n gé díẹ̀ níbẹ̀ wò. Àwọn ilé ìwòsàn olùkọ́ni wa bíi UCH n'Ìbàdàn, LUTH l'Ékòó àti ti Ilé-Ifẹ̀ ní ẹ̀ka tó ń yẹ irú ẹran ara bẹ́ẹ̀ wò. Ó lè gbà ju ẹ̀ẹ̀kan lọ kó tó hàn, ẹ má bínú. Àwọn tí wọ́n bá tètè rí i fún, kí ó tó kọjá orí awọ, ìpara àti iná orí awọ nìkan máa ń tó ọ̀pọ̀ nínú wọn, wọn kì í sì í dé ibi tí wọ́n á ti máa fa ẹ̀jẹ̀ síta. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ń lo ọjọ́ ayé wọn bí ẹlòmíràn. Ọdún mẹ́ta tí bọ̀ọ̀dá mi fi sá kiri láàárín ìpara àti ètùtù, kò sẹ́ni tó lè dá a padà fún un.

Ohun kejì ni pé àìsàn yìí kì í ràn. Bó bá tiẹ̀ jẹ́ ẹ̀tẹ̀ gan-an ni, ẹ̀tẹ̀ ní oògùn, abọ́ ọ̀tọ̀ kì í ṣe oògùn ẹ̀.

Ní December 2023, bọ̀ọ̀dá gbọ́n ọgbọ́n kan. Ó ṣe ìtọ́jú oṣù náà tán, ó ka ọjọ́, ó rí i pé òun ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí ó tó kan tèyí tó ń bọ̀. Ló bá wọ bàálù. Alẹ́ ọjọ́ tó dé, gbogbo wa jókòó ní pálọ̀ Ṣàgámù. Àǹtí mi, ẹni tó ra abọ́ ọ̀tọ̀ lọ́jọ́sí, ló gbé iyán àti ọbẹ̀ ẹ̀fọ́ wá nínú àwo ńlá kan ṣoṣo. Kò sọ̀rọ̀. Ó fọwọ́, ó jókòó ti ẹ̀gbọ́n ẹ̀, ó sì ti ọwọ́ bọ inú àwo náà. Bọ̀ọ̀dá wo ojú ẹ̀ títí, ó wá ní, "Ṣé o ti wá mọ̀ báyìí pé mi ò ní ẹ̀tẹ̀?"

Àǹtí ní, "Ẹ dákun, ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹun. Ọwọ́ ló bọ́ lọ́jọ́ náà."

Ọmọ-ọmọ ẹ̀ tí wọn ò gbé fún un lọ́jọ́ ìkómọjáde, ọmọ ọdún méje ti ni lọ́dún tí mò ń wí yìí. Orí ẹsẹ̀ bàbá àgbà ló sùn sí lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Nígbà tílẹ̀ mọ́, tó rí i tí bàbá ń wá awò dúdú ẹ̀ kó tó jáde síta, òun ló sáré lọ bá a mú un wá.